Ìyá Orí Ẹní: Ìgbésí Ayé Màmá Elizabeth Adédùntán Olúbọ̀dé, Ẹni Tó Kọ́ Àwọn Òbí ní Ọmọ Títọ́

Ọmọ náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́ kí Màmá tó dé ibẹ̀. Ó ń yí nínú eruku ọjà Kabba, ó ń ju ẹsẹ̀, ó ti ta igbá ata obìnrin kan dànù. Bàbá rẹ̀, Bámigbóyè, dúró lé e lórí nínú aṣọ dògarí, ọlọ́pàá ìbílẹ̀, pẹ̀lú fìlà iṣẹ́ lórí àti bẹ́líìtì lọ́wọ́.

"Dìde! Mo ní kí o dìde! Ṣé o kò gbọ́ ni? Dìde, nu ojú rẹ, tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá aláta, kí a máa lọ sílé!"

Ọmọ náà kò dìde. Àwọn ènìyàn ti yí wọn ká.

"Dògarí, ẹ mú un lọ sí àtìmọ́lé!" ni ọkùnrin kan kígbe.

"Àtìmọ́lé kè?" ni obìnrin kan dáhùn. "Yóò wó o!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Bámigbóyè gbé bẹ́líìtì sókè. Bẹ́ẹ̀ ni Màmá Elizabeth Adédùntán Olúbọ̀dé gba àárín wọn kọjá, ó jókòó sílẹ̀ nínú eruku lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, ó gbé agbọ̀n ẹ̀gúsí rẹ̀ lé itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Kò wo ọmọ. Kò wo bàbá. Bẹ́líìtì kò ríbi balẹ̀ mọ́, àfi kó ba àgbàlagbà.

Nígbà tó yá, ọmọ náà dákẹ́ kó lè mí.

"O ti dákẹ́," ni Màmá wí. "Ó dára. Bá mi di etí agbọ̀n yìí mú."

Ọmọ náà wò ó. Ó dìde jókòó. Ó di etí agbọ̀n mú.

Ṣùgbọ́n ìyá Bámigbóyè, Ìyá àgbà Ọmọ́yẹlé, ti gbọ́ ariwo láti ibi tó ti ń ta iyọ̀. Ó ń bọ̀, ó sì ń ki ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní oríkì láti òkèèrè. Ohùn rẹ̀ kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn tán tí ọmọ náà fi sọ agbọ̀n sílẹ̀. Ó tún ṣubú lulẹ̀, ó fi igbe bọnu.

Àwọn ènìyàn ní ọ̀rọ̀ ọmọ yìí kì í ṣe ojú lásán. Màmá ṣa ẹ̀gúsí rẹ̀ nínú eruku, ó lọ sílé.

Ọdún 1953 nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ wá sin ín lónìí, ọjọ́ yẹn ni ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹbí rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣáájú ìgbà náà.

Òkè-Bùkún ní ilẹ̀ Bùnù ni a bí i sí. Kò sí ẹni tó kọ ọdún rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ máa ń sọ pé ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà nígbà tí gbogbo ilé sá gun àpáta kẹ́yìn nítorí ogun Núpé. A fi í sí ọdún 1896. Bàbá rẹ̀ ni Gbádéyan, àgbẹ̀ tó tún ń dẹ̀gbẹ́. Ìyá rẹ̀ ni Ẹkúndayọ̀, tó ń hun aṣọ pupa tí a mọ ilẹ̀ Bùnù mọ́, èyí tí a fi ń sin àgbà. Adédùntán kọ́ iṣẹ́ náà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, nídìí òfì tó dúró ti ògiri. Kí ó tó ga tó òfì náà ló ti mọ̀ ọ́n hun.

Kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ nígbà èwe rẹ̀. Kò sí èyí tí ì bá lọ.

Ní ọdún 1915, ọ̀dọ́mọkùnrin gbẹ́nàgbẹ́nà kan láti Kabba, Josiah Olúbọ̀dé, wá sí Òkè-Bùkún láti kan ilẹ̀kùn fún Gbádéyan. Ó pẹ́ nídìí ilẹ̀kùn náà ju bí ilẹ̀kùn ṣe yẹ kó pẹ́ lọ. Gbádéyan rí i. Ó ní kí wọ́n bi í bóyá ilẹ̀kùn ló wá kàn tàbí ilé. Wọ́n gbéyàwó lẹ́yìn ìkórè ọdún náà, Adédùntán sì gbé òfì rẹ̀ wá sí Kabba.

Ó bí ọmọ mẹ́fà. Méjì àkọ́kọ́ kò dúró. Kì í sọ̀rọ̀ nípa wọn, ṣùgbọ́n ó máa ń pe orúkọ wọn nínú àdúrà.

Ní ọdún 1922, ó wọ kíláàsì àwọn àgbà ní ilé ìjọsìn, ó kọ́ ìwé kíkà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ Ọlọ́runlékè lẹ́yìn. A máa ń sọ nílé pé Ọlọ́runlékè gbọ́ A, B, D kó tó gbọ́ "wá jẹun." Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní ọdún kejì, ó gba orúkọ Elizabeth. Láti ìgbà náà, kò sí ọjọ́ Ìsinmi tí àyè rẹ̀ ṣófo nínú ilé Ọlọ́run, àfi ọjọ́ tó bá bímọ.

Nídìí òfì ló ti kọ́ ohun tó wá fi kọ́ ẹlòmíràn. Òwú ló kún ilé, ọmọdé ló sì kún inú òwú. Àwọn ahunṣọ yòókù máa ń lé ọmọ jáde. Màmá kò lé tirẹ̀. Ó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìdì òwú tirẹ̀ àti igi kékeré, ó fi ibi tí yóò jókòó hàn án. Bí ọmọ bá jókòó síbẹ̀, Màmá yóò yí ojú sí i, yóò ní, "Mo rí ọ. Òwú mi wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀. O ṣeun." Bí ó bá fa òwú Màmá, Màmá yóò gba ọwọ́ rẹ̀ kúrò, yóò máa hunṣọ lọ, kò ní sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ náà mọ èyí tí wọ́n fẹ́ nínú méjèèjì. Àwọn obìnrin tó wá ra aṣọ ń béèrè egbògi tó fún wọn mu. Ó ní ojú òun ni.

Ní ọdún 1951, olùkọ́ ìjọ, Ọ̀gbẹ́ni Joseph, sọ láti orí àga ìwàásù pé ariwo ọmọdé kò jẹ́ kí òun gbọ́ ohùn ara òun mọ́. Ó ní kí àwọn ìyá máa fi ọmọ sílé.

Màmá dìde nínú ìjọ. "Kí wọ́n fi wọ́n sílé ti ta, Olùkọ́? Gbogbo wa la wà níbí."

Ìjọ rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìsìn, ó ní kí Màmá wá nǹkan ṣe sí i. Màmá tẹ́ ẹní fífẹ̀ kan sẹ́yìn ilé ìjọsìn, lábẹ́ igi máńgòrò, ó ní kí ìyá tí ọmọ rẹ̀ bá ń yọ lẹ́nu wá bá òun níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà. Obìnrin díẹ̀ wá. Ibẹ̀ ni orúkọ Ìyá Orí Ẹní ti jáde.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ wà títí di ọjọ́ tí ọmọ dògarí fi yí nínú eruku ọjà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bámigbóyè àti ìyàwó rẹ̀, Monica, wá sílé wa.

"Okun o, Ìyá," ni Bámigbóyè kí i.

"Okun, ọmọ mi. Ẹ jókòó."

Bámigbóyè kò jókòó. "Ìyá, mo wá dúpẹ́ ti àná ni. Mo sì fẹ́ kí ẹ má ṣe wàhálà mọ́. Mo ti bá olùkọ́ kan sọ̀rọ̀ ní Odò-Ẹrẹ̀. Àwọn ọmọ olórí kunkun ló kún ilé rẹ̀, kò sì sí èyí tó ń mí sókè níbẹ̀. Bí iṣu tuntun bá ti wọlé, lọ́ọ̀rì yóò wá gbé Babátọ́pẹ́ lọ bá a."

Monica fi ìbòrùn bojú. Ọmọ ọdún márùn-ún ni Babátọ́pẹ́, òun nìkan ló sì bí.

"Ìgbà wo ni yóò padà?" ni Màmá bi í.

"Ìgbà tó bá di ènìyàn."

"Kí ló wá jẹ́ báyìí?"

Bámigbóyè yí ojú sí ẹnu ọ̀nà.

"Fún mi láyè títí di ìgbà iṣu tuntun," ni Màmá wí.

"Kí n mú un wá síbí?"

"Rárá. Kì í ṣe òun ni n ó kọ́. Ìwọ àti ìyàwó rẹ ni."

"Èmi? Èmi dògarí, tí gbogbo Kabba ń gbọ́ràn sí lẹ́nu?"

"Gbogbo Kabba ń gbọ́ràn. Ó ku ẹnìkan."

Monica rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìbòrùn. Nígbà náà ni Bámigbóyè tó jókòó.

Òun ni ọkùnrin àkọ́kọ́ tó jókòó lórí ẹní náà. Inú àwọn obìnrin dùn jù.

"Dògarí, ẹ bọ́ bàtà o! Ibí kì í ṣe bárékè."

"Ẹ sún fún un, ẹ sún fún un. Ẹsẹ̀ ìjọba gùn."

Màmá ní òun yóò ṣe bàbá, kí Bámigbóyè ṣe ọmọ. Ó rìn lọ sí igun ilé ìjọsìn níbi tí a kò ti rí i mọ́, ó wá figbe ta láti ibẹ̀:

"Bámigbóyè! Gbé ìjókòó yẹn wá, kó o ti fèrèsé, kí ló dé tí ẹsẹ̀ rẹ dọ̀tí báyìí, má fọwọ́ kan ìyẹn, ṣé o kò gbọ́ ni, olórí kunkun!"

Bámigbóyè dìde. Ó gbé ìjókòó. Ó yíjú sí fèrèsé, ó tún wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé ìjókòó sílẹ̀. Àwọn obìnrin ń pàtẹ́wọ́.

"Ìyá, èwo ni kí n ṣe níbẹ̀?"

Màmá yọjú láti igun ilé. "Ohun tí Babátọ́pẹ́ ń bi ọ́ láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Kò mọ bí yóò ṣe sọ ọ́ ni."

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò pọ̀. Kúrò níbi tí o wà, lọ bá ọmọ. Tẹ̀ ba. Pe orúkọ rẹ̀ kó wo ojú rẹ. Sọ ohun kan ṣoṣo, kí o sọ èyí tó yẹ kó ṣe, kì í ṣe èyí tí kò gbọdọ̀ ṣe. Dákẹ́, kí o fún un láyè. Bó bá ti ṣe é, sọ fún un lójú ẹsẹ̀ pé o rí i. Má sọ pé ìwọ yóò ṣe ohun tí o kò ní ṣe. Bó bá gé ènìyàn jẹ tàbí tó bá lu ènìyàn, mú un lọ jókòó sórí gbòǹgbò igi fún ìgbà díẹ̀, níbi tí ojú rẹ ti tó o, láìsọ̀rọ̀. Bó bá dìde, ọ̀rọ̀ náà ti parí. Má ṣe tún un sọ nígbà oúnjẹ.

Ìyìn ló ni Bámigbóyè lára jù.

"Kí ni n ó máa yìn, Ìyá? Pé ó jẹun?"

"Bó bá jẹun tí kò dà á sílẹ̀, yìn ín."

Ó lọ sílé, ó dán an wò. Babátọ́pẹ́ fọ ọwọ́ kó tó jẹun. Bàbá rẹ̀ nàró, ó ní, "O ṣeun!" bí ìgbà tó ń pàṣẹ fún ẹlẹ́wọ̀n. Ọmọ náà sá wọ inú yàrá. Monica ló sọ èyí fún wa lórí ẹní, Bámigbóyè sì jókòó síbẹ̀ tó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ títí ohùn rẹ̀ fi rọ̀.

Màmá tún ní kí bàbá máa bá ọmọ ṣeré fún ìgbà díẹ̀ lójoojúmọ́, kí ọmọ sì jẹ́ ọ̀gá eré náà. Babátọ́pẹ́ sọ bàbá rẹ̀ di ewúrẹ́. Àwọn aládùúgbò yọjú, wọ́n rí dògarí lórí ọwọ́ àti orúnkún lẹ́yìn ilé, tó ń ké mẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ká ìlú. Bámigbóyè ní kò burú, ó ní àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà ti ń kí òun dáadáa.

Bẹ́ẹ̀ ni oṣù ń lọ. Ọmọ náà kò gé ènìyàn jẹ mọ́. Bí wọ́n bá rán an níṣẹ́ kan, ó ń jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kò jáwọ́ nínú yíyí nílẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń sọ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú àgbàlá. Òjò ń dínkù. Ebè ti ń sán lóko. Bámigbóyè ní kí ọkọ Màmá kan àpótí kékeré kan fún ẹrù ọmọ náà. Ó kàn án. Iṣẹ́ ni.

"Ìyá, ẹ gbìyànjú," ni Bámigbóyè wí. "Ṣùgbọ́n mo ti fún olùkọ́ yẹn lọ́rọ̀ mi."

Màmá gbé agbọ̀n ẹ̀gúsí rẹ̀, ó lọ sí ilé wọn, ó jókòó sí àgbàlá láti òwúrọ̀. Ó ń bó ẹ̀gúsí, kò bá ẹnikẹ́ni wí. Babátọ́pẹ́ ń fi iyẹ̀pẹ̀ kọ́ ilé. Ó kọ́ ọ pẹ́, ó sì kọ́ ọ dáadáa. Monica wà ní ìdáná. Kò sí ẹni tó wò ó. Nígbà tó yá, ọmọ náà gbé orí sókè, ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá bàbá rẹ̀. Ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ló tàpá sí ilé iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó kígbe.

Ìyá àgbà Ọmọ́yẹlé jáde kíákíá. "Ọkọ mi! Ọmọ a-gun-òkè-wo-Kabba! Ọmọ ẹni tó roko tí ẹyẹ kò rí òpin rẹ̀! Ta ló bá ọ jà?"

Ó kì í lọ, ó kì í bọ̀. Bó ti ń kì í ni igbe náà ń lọ sílẹ̀. Ọmọ náà dùbúlẹ̀ nínú eruku, ojú rẹ̀ wà lókè, ó ń gbọ́. Ara rẹ̀ balẹ̀ pátápátá.

Nígbà náà ni Màmá mọ ohun tó rí lọ́jà.

Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn láti sọ. Ní ilẹ̀ Owé, ní Kabba yìí, ta ni yóò sọ fún àgbàlagbà pé kó má ki ọmọ ọmọ rẹ̀? Monica kò lè sọ ọ́ fún ìyá ọkọ rẹ̀. Bámigbóyè kò lè sọ ọ́ fún ìyá tó bí i. Òun náà, oríkì yẹn ni wọ́n fi rẹ̀ ẹ́ nígbà tó wà lọ́mọdé.

Màmá gbé ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ Ìyá àgbà. "Ìyá, oríkì ilé yín dùn."

"Ó dùn. Bàbá ọkọ mi ló kọ́ mi."

"Ta ni ẹ máa ń kì?"

"Ọmọ tó bá ń sunkún. Kí ọkàn rẹ̀ lè rọlẹ̀."

"Nígbà tí bàbá Bámigbóyè wà láyé ńkọ́? Ìgbà wo ni ẹ máa ń kì wọ́n?"

"Nígbà tí wọ́n bá ti oko dé, tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀. Èmi yóò máa kì wọ́n títí wọn yóò fi mu omi."

"Ṣé wọ́n máa ń kọ́kọ́ yí nílẹ̀ ná?"

Ìyá àgbà tẹjú mọ́ ọn. Ó la ẹnu, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde. "Ta ló yí nílẹ̀? Bàbá Bámigbóyè? Ìyá Ọlọ́runlékè, ẹnu rẹ burú o!" Ó rẹ́rìn-ín títí ìró fi tú nídìí rẹ̀. Ó so ó, ó tún rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó wo ọmọ tó wà nílẹ̀, ẹ̀rín náà sì tán.

"Hẹ̀n," ó ní. "Èmi ni mo ń kọ́ ọ."

"Ohùn yín ló ń wá, Ìyá. Kò mọ ọ̀nà mìíràn tó gbà débẹ̀. Ẹ má gba oríkì lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí ẹ ń kì í ni kí ẹ yí padà. Ṣùgbọ́n yóò ké ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lákọ̀ọ́kọ́. Bí ẹ bá dá a lóhùn láàárín igbe, ẹ ti kọ́ ọ pé kó máa ké pẹ́ sí i."

"Èmi kò lè ṣe é."

"N ó jókòó tì yín."

Ó sì jókòó tì í. Ní ọjọ́ kejì, Babátọ́pẹ́ wo ẹnu ọ̀nà, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Ìyá àgbà wà níbẹ̀, kò sì dìde. Ọmọ náà ké, ó dúró kó gbọ́ ohùn rẹ̀. Kò gbọ́ ọ. Ó wá ké ní tòótọ́. Aládùúgbò kan sáré wọlé, ó béèrè bóyá omi gbígbóná ló dà sí i lára. Ìyá àgbà fi eyín di etí ìró rẹ̀ mú, ó ń mì síwá sẹ́yìn, omi ń jáde lójú rẹ̀. Oríkì kún un lẹ́nu. Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì ń fi ọwọ́ kejì bó ẹ̀gúsí.

Igbe náà tán nígbà tó yá. Babátọ́pẹ́ jókòó. Ó wo ìyá bàbá rẹ̀, ẹnu yà á. Ó dìde, ó ń pòòyì nínú àgbàlá. Igbá omi àwọn adìẹ ti dojú dé. Ó ṣí i, ó lọ sí ìdí ìkòkò, ó bu omi sí i, ó sì gbé e wá jẹ́jẹ́.

"Ó yá, Ìyá," ni Màmá wí.

Ìyá àgbà fò dìde. Gbogbo ohun tó ti há mọ́ ọn lẹ́nu láti àárọ̀ ló tú jáde. Ó kì í dé ọ̀dọ̀ baba ńlá rẹ̀, ó kì í dé ọ̀dọ̀ ìyá tó bí baba ńlá náà. Ọmọ náà dúró gbọnin pẹ̀lú igbá lọ́wọ́, kò da omi náà. Adìẹ ló ń mu ún lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ ṣe. Ó yí nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì rí ẹni dá a lóhùn. Ìyá àgbà ní òun kò kì ènìyàn tó báyìí rí, ó ní ọ̀nà ọ̀fun ń dun òun.

Iṣu tuntun wọlé. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dá, lọ́ọ̀rì dúró níwájú ilé, ó fun fèrè. Bámigbóyè kò tíì sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Monica kò béèrè, ẹ̀rù ń bà á. Ó ti di aṣọ ọmọ náà sínú àpótí. Àpótí náà wà lẹ́bàá ọ̀nà. Gbogbo ilé jáde. Màmá wà níbẹ̀, ọkọ rẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Bámigbóyè rìn lọ bá ọmọ rẹ̀. Ó bọ́ fìlà. Ó tẹ̀ ba títí orúnkún rẹ̀ fi kan ilẹ̀.

"Babátọ́pẹ́."

Ọmọ náà wò ó lójú.

"Gbé àpótí rẹ padà sínú ilé."

Ó dákẹ́. Kò fi ohunkóhun kún un. Babátọ́pẹ́ wo lọ́ọ̀rì. Ó fẹ́ràn lọ́ọ̀rì. Ó wo bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ méjèèjì gbá etí àpótí mú, ó sì ń fà á lọ sílé díẹ̀díẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò sí ẹni tó ràn án lọ́wọ́. Àpótí náà wọlé.

"O ṣeun, ọmọ mi," ni bàbá rẹ̀ wí. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "O gbọ́ ohun tí mo wí, o sì ṣe é."

"Dògarí," ni awakọ̀ pè, "ṣé ọmọ náà kò lọ mọ́ ni?"

"Máa lọ. Sọ fún olùkọ́ pé mo kí i."

Ìyá àgbà ti bẹ̀rẹ̀. Ó dúró lójú ọ̀nà níwájú lọ́ọ̀rì, ó ń ki ọmọ tó gbé àpótí rẹ̀ padà sílé. Awakọ̀ náà kò fun fèrè sí i. Ó dúró títí ó fi kì í tán.

Láti ọdún 1954, ẹní kan kò gba ènìyàn mọ́ lẹ́yìn ilé ìjọsìn. Àwọn bàbá ń wá. Àwọn Mùsùlùmí ń wá, bí wọ́n bá kírun tán. Àwọn kan nínú àwọn àgbà ìjọ kùn pé obìnrin yìí fẹ́ ba ọmọ jẹ́. Màmá ní kí wọ́n mú àwọn ọmọ ọmọ wọn wá kí a wò wọ́n. Wọ́n mú wọn wá. Wọn kò kùn mọ́. Ní ọdún 1956, olùkọ́ Odò-Ẹrẹ̀ yẹn náà ránṣẹ́ pè é. Ó ní ẹnu kò gba ìròyìn ohun tí àwọn ọmọ fojú òun rí. Màmá gbé ẹní, ó wọ lọ́ọ̀rì, ó lọ. Ó kọ́kọ́ ní kí olùkọ́ náà ṣe ọmọ.

Ó sùn nínú Olúwa ní oṣù Kọkànlá ọdún 1959 yìí. Kò ṣàìsàn pẹ́. Aṣọ pupa tí a fi bo pósí rẹ̀, òun ló hun ún. Ọkọ rẹ̀ ló kan pósí náà. Ó pẹ́ nídìí rẹ̀ ju bí pósí ṣe yẹ kó pẹ́ lọ.

Àwọn tó gbẹ̀yìn rẹ̀ ni ọkọ rẹ̀, Josiah Olúbọ̀dé, àti àwọn ọmọ rẹ̀: Ọlọ́runlékè, tíṣà ní Ẹ̀gbẹ̀; Rachel, agbẹ̀bí ní Mopa; Isaiah, télọ̀ ní Kabba; àti Ọlọ́runṣọlá, tó jogún òfì rẹ̀. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ pọ̀, wọ́n wà níbí lónìí, ẹ sì lè gbọ́ ariwo wọn. Ẹbí kò ní lé wọn jáde. Àbúrò rẹ̀, Kọ́láwọlé, wà ní Òkè-Bùkún pẹ̀lú àwọn tirẹ̀. Bámigbóyè, Monica àti Babátọ́pẹ́ ní kí a kọ àwọn mọ́ ọmọ. A kọ wọ́n mọ́ ọn.

Ọmọ Gbádéyan, aya Olúbọ̀dé, a rí ọ. O ṣe é bó ti yẹ kó rí. O ṣeun. Kí Olúwa tí o sìn fi ibi tí ìwọ yóò jókòó hàn ọ́ nílé rẹ̀. Sùn jẹ́ẹ́, ìyá wa.

Ẹní rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn. Ìyá àgbà Ọmọ́yẹlé ló ń jókòó sórí rẹ̀ ní ọjọ́ ọjà báyìí.